Oògùn Wà Nínú Ọkọ̀, Àbọ̀ Ni Wọ́n Lò

Nígbà tí Ogun Ọdún Méje, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Faransé jà, parí ní 1763, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti kó sínú ọkọ̀ ogun wọn látìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jẹ́ 184,899. Àwọn tí ọ̀tá pa lójú ìjà jẹ́ 1,512. Àwọn tí àìsàn gbé lọ, pẹ̀lú àwọn tó sá lẹ́nu iṣẹ́, jẹ́ 133,708. Ìwé ìgbà náà da òkú àti ìsáǹsá pọ̀ sójú kan, àmọ́ bí àwọn tó sá bá tiẹ̀ tó ìdajì, ẹ gbé 1,512 sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ wo ohun tó kù.

Láyé tí atẹ́gùn ń gbé ọkọ̀ lórí òkun, ọta àgbá kì í pa atukọ̀ tó bí oúnjẹ, iná ara, ẹ̀fọn àti okùn ọkọ̀ ṣe ń pa á. Èyí tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé púpọ̀ nínú ohun tó pa wọ́n ló ti ní oògùn. Ẹnìkan ti rí i, ó ti dán an wò, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn ó wà nínú àpótí dókítà ọkọ̀ náà gan-an. Àbọ̀ ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n á sè é kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n á fi èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá a dúró nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí scurvy, àrùn tí àìjẹ èso àti ewé tútù ń fà, torí òun ló ń jẹ gàba lórí ìrìn àjò jíjìn. Oúnjẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ fún atukọ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ kan ní ọ̀rúndún kejìdínlógún nìyí: bisikíìtì líle pọ́n-ùn 7, ẹran màlúù oníyọ̀ pọ́n-ùn 4, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ pọ́n-ùn 2, ẹ̀wà píìsì páíńtì 2, ọkà óòtì páíńtì 3, bọ́tà áńsì 6, wàràkàṣì áńsì 12, àti bíà gálọ́ọ̀nù kan lójoojúmọ́. Ní ti agbára iṣẹ́, oúnjẹ yìí tó ọkùnrin jẹ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ oko nílé wọn kì í rí ẹran tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ewé kan níbẹ̀, kò sí èso kan.

Fítámìnì C ni ara fi ń hun okùn tó so ẹran, awọ, egungun àti iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ra wọn. Ewúrẹ́ àti ajá ń ṣe fítámìnì yìí nínú ara wọn. Àwa èèyàn kò lè ṣe é, àfi ká jẹ ẹ́. Èyí tó wà nípamọ́ nínú ara ẹni tó ń jẹun dáadáa lè gbé e dé oṣù kan sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kí ara máa tú díẹ̀díẹ̀ bí agbọ̀n tí okùn rẹ̀ ti gbó. Ọ̀lẹ ló kọ́kọ́ ń fara hàn. Ọkùnrin tí kì í rẹ̀ á jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò ní fẹ́ dìde, ọ̀gá á sì rò pé ìmẹ́lẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, àmì pupa kéékèèké á yọ sí ìdí irun ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún á wú, èrìgì á wú bo eyín, á dúdú, á máa rùn. Ẹni tó lè rìn láàárọ̀ lè gbìyànjú àtigbé nǹkan lọ́sàn-án kó ṣubú kó kú, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́.

Ohun tó ba àwọn ará ìgbà náà lẹ́rù jù ni ọgbẹ́ àtijọ́. Nínú ọkọ̀ Centurion, tí Anson, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kó lọ yí ayé ká ní 1740, ọkùnrin kan wà tó ti gba ọgbẹ́ lójú ogun Boyne ní Ireland ní 1690. Àádọ́ta ọdún ni ọgbẹ́ yẹn ti jinná. Scurvy dé, ọgbẹ́ là padà bí ẹni pé kò jinná rí. Egungun tó ti ṣẹ́ tó sì ti so pọ̀ látọjọ́ pípẹ́ náà tún yà. Ìdí rẹ̀ ni pé àpá kì í ṣe ohun tí ara ṣe lẹ́ẹ̀kan tó sì parí. Ojoojúmọ́ ni ara ń tú u tó sì ń tún un hun. Tí ohun ìhun bá tán, títú nìkan ló kù. Nínú bí 1,900 ọkùnrin tó bá Anson gbéra, nǹkan bí 1,400 ni kò padà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Anson darí dé, ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, 1747, James Lind, dókítà ọkọ̀ Salisbury, mú aláìsàn 12 tí scurvy wọn jọra. Ó tẹ́ wọn síbi kan náà, ó fún gbogbo wọn ní oúnjẹ kan náà, ó wá pín wọn ní méjì-méjì. Méjì ń mu ọtí èso ápù kúọ̀tì kan lójúmọ́. Méjì ń mu ásíìdì tí wọ́n là, ẹ̀kán 25 lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Méjì ń mu ọtí kíkan ṣíbí méjì lẹ́ẹ̀mẹta. Méjì tí ara wọn le jù ń mu omi òkun ìdajì páíńtì. Méjì ń jẹ áyù tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ hóró mústáàdì àti àwọn nǹkan mìíràn, ìwọ̀n bí èkùrọ́ kan. Àwọn méjì tó kù ń jẹ ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójoojúmọ́. Ọjọ́ kẹfà ni ọsàn tán nínú ọkọ̀. Nígbà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́sàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èkejì ti yá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú àwọn yòókù. Àwọn ọlọ́tí ápù rí ìtura díẹ̀. Àwọn tó kù wà bí wọ́n ṣe wà.

Lind fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ọsàn tútù kì í pẹ́ kó tó jẹrà lórí òkun, ó sì gba àyè. Ó wá kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fún omi rẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n dà á sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀, kí wọ́n gbé àwo náà lé orí omi tó ń gbóná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí tí á fi ki bí oyin. Ọ̀nà yẹn mọ́gbọ́n dání lójú ẹni tó bá rò pé kíkan ọsàn ló ń wo àrùn. Kíkan náà kò lọ. Ooru àti atẹ́gùn lórí àwo tó fẹ̀ ló jẹ fítámìnì inú rẹ̀. Àwọn dókítà tó gbé omi ọsàn sísè yìí lọ sójú òkun rí i pé kò ṣe nǹkan kan gúnmọ́, wọ́n sì gbà pé ọsàn ni kò dára. Ìgbà tí wọ́n wá rí i pé James Cook, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ yí ayé ká láàárín 1768 sí 1771 tí scurvy kò pa ẹnì kankan, ọkà báálì tí wọ́n rẹ tó hù, tí wọ́n fi omi rẹ̀ ṣe oògùn, ni wọ́n fún lóríyìn. Báálì yẹn kò ní fítámìnì C tó ṣe é fi yangàn. Ewé tútù tí Cook ń já ní gbogbo etíkun tó bá dúró sí ló gbà wọ́n. Ní Batavia (Jakarta òde òní), níbi tí ewé pọ̀ sí dáadáa, àti lójú òkun lẹ́yìn tí wọ́n kúrò níbẹ̀, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn wá kó ọgbọ̀n èèyàn ó lé lára wọn.

Ọdún 1795 ni iléeṣẹ́ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà pé kí wọ́n máa fún atukọ̀ ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù, lẹ́yìn tí dókítà Gilbert Blane àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹnu mọ́ ọn títí. Ọdún 48 lẹ́yìn ọkọ̀ Salisbury nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn: omi lẹ́mọ́ọ̀nù tútù, àgé rẹ̀ ní burandí díẹ̀ kó má bàa bà jẹ́, tàbí kí wọ́n da òróró ólífì lé e lórí kí atẹ́gùn má dé ibẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áńsì kan lójúmọ́ fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n á pò ó mọ́ rọ́ọ̀mù tí wọ́n ti bomi là. Pípò mọ́ ọtí yẹn wù mí púpọ̀, torí kò sí atukọ̀ tí yóò gbàgbé ìpín ọtí rẹ̀. Haslar, ilé ìwòsàn àwọn atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ju aláìsàn scurvy 1,400 lọ ní 1780, kò rí ju ẹnì kan tàbí méjì lọ ní 1806.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1860, wọ́n yọ lẹ́mọ́ọ̀nù Sicily kúrò, wọ́n gbé ọsàn wẹ́wẹ́ láti erékùṣù West Indies wọlé, torí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oko rẹ̀ wà. Ó kan ju lẹ́mọ́ọ̀nù lọ, wọ́n sì rò pé ó lágbára jù ú lọ. Fítámìnì inú rẹ̀ kò tó ìdajì ti lẹ́mọ́ọ̀nù. Wọ́n tún ń gba inú ọ̀pá bàbà fà á, bàbà sì ni ọ̀tá fítámìnì C gan-an. Kò sẹ́ni tó fura, torí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ti dé, ìrìn àjò ti kúrú, scurvy kò ráyè jáde. Ìgbà tí Nares, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ méjì lọ sí ìpẹ̀kun àríwá ayé ní 1875 ni àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ orí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Scurvy ni, pẹ̀lú gbogbo omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà nínú ọkọ̀.

Ìfarapa ní tirẹ̀ kì í dúró de ogun. Iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun ni pé kí ọkùnrin gun òpó lọ sókè, kó dúró lórí okùn kan ṣoṣo lábẹ́ igi ìdábùú tí ìgbòkun so mọ́, kó fi ikùn tẹ igi náà, kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti ká aṣọ tó ti fa omi tó sì ti le bí pákó, lóru, nínú òjò, bí ọkọ̀ ṣe ń yí. Ẹni tó bá já bọ́ sórí pákó, egungun ló ń ṣẹ́. Ẹni tó bá bọ́ sínú òkun, wọn kì í sábà rí i mú, torí ọkọ̀ ìgbòkun kò lè dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Okùn tó ń sáré lọ lè wé mọ́ kókósẹ̀ kó ká ẹsẹ̀ lọ. Àgbá omi tó já lè fọ́ èèyàn mọ́ ògiri ọkọ̀.

Ìpá pọ̀ lára wọn ju bí ẹni tí kò mọ̀ ṣe lè rò lọ, ìdí rẹ̀ sì ni fífi ikùn tẹ igi yẹn, àti gbígbé ohun tó wúwo nínú ọkọ̀ tó ń mì. Ìfun á gba ibi tó rọ̀ nísàlẹ̀ ikùn yọ sábẹ́ awọ. Ìjọba ń pín bẹ́líìtì onírin tí wọ́n ń dè mọ́ ibẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ padà. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀, ọkùnrin lè fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ìfun bá há sínú ihò náà, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, kì í pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n á fi jù ú sókun.

Nígbà tí ogun bá wá dé, ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ní abẹ́ ibi tí omi òkun ga dé, ni dókítà ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí. Kò sí fèrèsé. Wọ́n á to àpótí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá pọ̀ di tábìlì, wọ́n á tẹ́ ìgbòkun lé e, wọ́n á gbé fìtílà kọ́ sókè, garawa omi kan sí ẹ̀gbẹ́, garawa òfìfo kan fún ohun tí wọ́n bá gé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ ọmọdé tó ń gbé ẹ̀tù. Ọta àgbá tó bá ara ọkọ̀ a máa fọ́n ẹ̀rún igi káàkiri, ẹ̀rún yìí, tí òmíràn gùn tó apá, ló ń ṣá àwọn tó pọ̀ jù.

Tí egungun bá ti ya awọ jáde, tí àkísà aṣọ àti ìdọ̀tí ti wọlé, gígé ni. Dókítà tó kọ̀ láti gé, lérò pé òun ń ṣàánú, á rí i lọ́jọ́ kẹrin pé ẹsẹ̀ ti dúdú, ó ti ń rùn, májèlé sì ti wọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń gé e kó tó di ọjọ́ kejì. Wọ́n á fi ọ̀já onískúrù tí Petit ará Faransé gbé jáde ní 1718 di itan, wọ́n á yí i títí ẹ̀jẹ̀ fi dúró. Ẹnìkan á di ẹsẹ̀ mú, ẹlòmíràn á fi ọwọ́ méjèèjì fa awọ sókè. Ọ̀bẹ tó tẹ̀ díẹ̀ á yí ẹsẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, awọ á là. Wọ́n á tún fà á sókè, ọ̀bẹ á yí po lẹ́ẹ̀kejì dé egungun. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n ya ẹnu rẹ̀ sí méjì fa ẹran sẹ́yìn kí ayùn má bàa fà á ya, egungun á sì wà lókè ju ibi tí awọ parí sí lọ, kí awọ lè rí nǹkan bo orí rẹ̀. Ayùn kì í lò tó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á fi ìkọ́ kékeré fa ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n á fi òwú sílíìkì tí wọ́n fi ìda pa dì í, wọ́n á tú ọ̀já díẹ̀ wò bóyá ibòmíràn ń ṣàn, lẹ́yìn náà wọ́n á fi pílásítà fa awọ pọ̀. Kò sí oògùn oorun. 1846 ni ìyẹn dé.

Òwú yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Wọn kì í gé etí rẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ gígùn kó yọ jáde láti inú ọgbẹ́, kí dókítà lè máa fà á díẹ̀ lójoojúmọ́ títí tí yóò fi jẹrà já bọ́, bíi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọyún á gba ojú òwú náà jáde. Ní oṣù Keje 1797, ní Tenerife, wọ́n gé apá ọ̀tún Nelson, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, báyìí. Òtútù irin ọ̀bẹ lára ẹran rẹ̀ dùn ún débi tó fi pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kí omi gbígbóná máa wà nílẹ̀ ṣáájú ìjà kí wọ́n fi yá ọ̀bẹ. Òwú kan nínú àwọn òwú rẹ̀ kọ̀, kò já. Oṣù Kejìlá ló tó yọ, ó sì jẹ ẹ́ níyà ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì pé omi gbígbóná wà nílẹ̀, ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀, nítorí òtútù nìkan. Ká ní wọ́n jẹ́ kí omi náà hó, kí ọ̀bẹ àti òwú jọ wà nínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí dókítà sì fọ ọwọ́ láàárín aláìsàn kan sí èkejì, ọ̀pọ̀ àwọn tó la abẹ náà kọjá ni ọgbẹ́ kò bá má pa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. 1867 ni Lister, dókítà oníṣẹ́ abẹ, tó sọ fún wọn ìdí tí ọgbẹ́ fi ń jẹrà.

Ibà tí iná ara ń gbé kiri kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ń kó ọkùnrin láti inú ẹ̀wọ̀n àti ojú títì tipátipá, tàwọn ti aṣọ àkísà wọn, sínú ọkọ̀ tí ẹni 500 ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lind ní kí wọ́n yọ aṣọ náà, kí wọ́n wẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ki aṣọ sínú ààrò gbígbóná. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, ibà náà dáwọ́ dúró. Ní ti àrùn ìbálòpọ̀, títí di 1795 dókítà ọkọ̀ ń gba ṣílè 15 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá tọ́jú rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin sì ń fi àrùn pamọ́ títí tó fi wọ egungun. Òfin burúkú ni.

Etíkun wa ni ojú Òyìnbó ti rí nǹkan jù. A kò lè mẹ́nu ba atukọ̀ níbí ká má rántí àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lábẹ́ pákó. Àìsàn kì í mọ ààlà láàárín wọn: ìgbẹ́ ọ̀rìn tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ máa ń gun òkè. Ní 1819, ojú ríro bẹ́ sílẹ̀ nínú Le Rodeur, ọkọ̀ ẹrú Faransé tó gbéra láti Bonny. Ó fọ́ àwọn ẹrú lójú, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀ atukọ̀ náà lójú. Ẹrú tó lé ní ọgbọ̀n tó fọ́ lójú ni wọ́n jù sókun. Atukọ̀ tó fọ́ lójú, wọn kò ju ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ etíkun láti ilẹ̀ Sàró wá dé Èkó àti kọjá. Láti 1808 títí wọ ọdún 1860 ó lé, bí atukọ̀ 1,600 kú lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ibà ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Láàárín 1825 sí 1845, nínú ẹgbẹ̀rún kan, ó ju àádọ́ta lọ tó ń kú lọ́dọọdún. Nílé wọn, kì í sábà ju mẹ́wàá lọ.

Ibà méjì ni, àwọn dókítà ìgbà náà sì dà wọ́n pọ̀. Ibà lásán, ẹ̀fọn tó ń jẹni lóru nítòsí ilẹ̀ ló ń gbé e, kì í fò jìnnà sórí òkun. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án ló ń gbé e, omi mímọ́ tí a gbé kalẹ̀ ló sì ń yé ẹyin sí. Àgbá omi mímu nínú ọkọ̀ bá a mu rẹ́gí. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá ju ìdákọ̀ró sí máìlì mẹ́ta sí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ tó bá ti gbé aláìsàn kan ṣoṣo láti Freetown, tanwíjí inú àgbá rẹ̀ á parí iṣẹ́ yòókù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1829 nìyẹn: nínú atukọ̀ 792 tó wà níbí, 204 kú.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba àwọn ará ọkọ̀ Sybille tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fẹ́ sún mọ́ aláìsàn mọ́. Dókítà ọkọ̀ náà bu èébì dúdú láti ara ẹnìkan tó ń kú lọ, èébì tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dá nínú ikùn, ó bù ú kún gíláàsì wáìnì, ó jáde sórí pákó lójú gbogbo wọn, ó gbé e mu. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n padà sẹ́nu títọ́jú ara wọn. Òótọ́ ni ohun tó fi hàn wọ́n: àrùn náà kì í gba ara aláìsàn bọ́ sára ẹlòmíràn ní tààrà. Ẹ̀fọn tó ń kùn lórí wọn bó ṣe ń gbé gíláàsì náà sẹ́nu, kò sẹ́ni tó wò ó. Ó di 1881 kí Carlos Finlay, dókítà kan ní Cuba, tó tọ́ka sí i.

Ní ti ibà lásán, oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́. Èèpo igi láti Peru ni wọ́n ti ń lò tipẹ́. Ní 1820, àwọn ará Faransé méjì yọ kuíníìnì jáde láti inú rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń ṣọ́ etíkun wa, àṣẹ wà pé kí wọ́n fi èèpo náà sínú wáìnì fún àwọn tó bá ń fi ọkọ̀ kékeré wọ ẹnu odò tàbí ọ̀sà. Wọ́n ń mu ún lọ́jọ́ tí wọ́n wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá padà sínú ọkọ̀ ńlá, wáìnì tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ibà á gbé wọn ṣánlẹ̀, àwọn èèyàn á ní èèpo náà kò wúlò. Alexander Bryson, dókítà tó ka ìwé gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí kó tó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1847, ló rí ibi tó ti ń já. Ó ní kí wọ́n lo kuíníìnì gan-an, kí wọ́n sì máa fún wọn lọ fún ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò nílẹ̀. A ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Kòkòrò ibà kọ́kọ́ ń sá sínú ẹ̀dọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kuíníìnì kò sì lè bá a níbẹ̀. Ìgbà tó bá jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn lè pa á, ìyẹn sì ni ìgbà tí wọ́n ń gba gíláàsì náà lọ́wọ́ wọn.

Àjàyí Crowther rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọmọ Òṣogùn ni, ọkọ̀ ogun Myrmidon ló gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú Pọtogí kan tó ti Èkó jáde ní oṣù Kẹrin 1822. Ní 1841, ó bá wọn wọ Odò Ọya. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ mẹ́ta ni: Albert, Wilberforce àti Soudan. Wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ irà ló ń fa ibà, wọ́n sì ti fi owó ńlá ṣe ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú kẹ́míkà kọjá kó tó dé ibi tí wọ́n ń sùn. Kò pé oṣù kan lórí odò tí ibà fi bẹ́ sílẹ̀. Nínú Òyìnbó 145, ibà mú 130, bí 40 sì kú. Nínú àwọn èèyàn dúdú 158, ibà mú 11, kò sì pa ọ̀kankan. Kì í ṣe pé ara dúdú kò gba ibà. Ìgbà ọmọdé ni àwọn wọ̀nyẹn ti san gbèsè tiwọn, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn tí kò yè é kò sí nínú ọkọ̀. Nígbà tí Albert ń padà bọ̀, kò ku ẹni tó lè wà á. Dókítà McWilliam ló ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, Stanger tó jẹ́ onímọ̀ òkúta ń wo inú ìwé kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. John Beecroft, ẹni tó wá jẹ́ aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì lásìkò Ogun Àgídìngbì ní Èkó ní 1851, ló wá pàdé wọn lórí odò tó sì mú wọn jáde.

Dókítà kan nínú wọn, T. R. H. Thompson, ti ń mu kuíníìnì gírénì 6 sí 10 déédéé, èyí tó tó miligíráàmù 400 sí 650. Ibà kò mú un níbí. Ó délé, ó dá a dúró, ibà sì mú un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad wọ odò kan náà. Dókítà ni olórí wọn, William Balfour Baikie, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́. Kuíníìnì ni Baikie ń fún gbogbo Òyìnbó inú ọkọ̀ lójoojúmọ́, bí ara wọn yá, bí kò yá. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, wọ́n kọjá ibi tí ọkọ̀ ti 1841 dé. Òyìnbó 12 ló wọlé, Òyìnbó 12 ló jáde.